Kí Ni A Fẹ́ Pa Á Fún?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn, tí ó dá ẹranko ìgbẹ́, tí ó sì pín arísìkí oníkálukú fún un. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, nígbà tí òtútù ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa wá jókòó tì wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì tẹ́ ìwé kan síwájú wa. A kọ́kọ́ rò pé ìwé ilé tí ó fẹ́ rà ni. Àwòrán ilẹ̀ ni, ti òkè àti odò ìpínlẹ̀ Idaho, ó sì ti fi bírò pupa sàmì sí ibi mẹ́rin lórí rẹ̀. Òun àti ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ lọ dẹ béárì dúdú lórí ilẹ̀ ìjọba fún ọjọ́ mẹ́fà, láìgba afinimọ̀nà kankan. Ó ní, "Àlùfáà, mo ti ṣètò ohun gbogbo tán. Ẹyọ kan ló kù tí mi ò mọ̀: ṣé ó tọ́ kí n lọ?"

A kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dàgbà nílé mọ ọdẹ dáadáa. A mọ ẹtu, a mọ ìgalà, a mọ òyà, a sì mọ òórùn ẹran tí a ń yan lórí ààrò ní òru. Béárì ni a kò mọ̀. Bàbá àgbà kan tí ó jókòó nítòsí tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní béárì kan ṣoṣo tí òun mọ̀ ni èyí tí ọmọ-ọmọ òun ń gbé mọ́ra sùn. Ẹ jẹ́ kí á fi béárì ọmọdé yẹn sílẹ̀ ná, a ó padà dé orí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a ń gbé yìí, apá tí ó pọ̀ nínú ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ẹnikẹ́ni sì lè wọ inú rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀ kankan. Ní Idaho, ó ju ìdajì gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà lọ. Ọlọ́kọ̀ àti oníṣègùn, ọmọ bíbí ìlú àti ẹni tí ó ti òkèèrè wá, ẹsẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí ilẹ̀ ṣe ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá ní ilé wa yóò mọ̀ pé ohun ńlá ni èyí. Síbẹ̀, kí á má gbàgbé pé ilẹ̀ tí a ń pè ní ti gbogbo ayé yìí ní ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀. Méjì nínú àmì pupa ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bọ́ sórí ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Nez Perce, àwọn tí àdéhùn 1863 gba èyí tí ó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ wọn nínú ilẹ̀ tí àdéhùn 1855 fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀tọ́ ọdẹ tí wọ́n kọ sínú àdéhùn ti àkọ́kọ́ kò parẹ́. Wọ́n ṣì ń lò ó títí di òní.

Ètò tí ó ṣe dára, a kò lè purọ́. Òfin Idaho ní kí ẹni tí a bí ní 1975 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ kí ó tó lè ra ìwé àṣẹ. Ó ti kọ́ ọ, ó ti yege. Ó ti ra ìwé àṣẹ ọdẹ, ó sì ti ra ìwé àṣẹ ti béárì lọ́tọ̀. Ó mọ̀ pé bí béárì bá jáde láti inú ihò tí ó ti sùn nígbà òtútù, koríko tútù ni ó kọ́kọ́ ń wá, àti pé ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó kọjú sí gúúsù ni yìnyín ti ń kọ́kọ́ yọ́, nítorí náà ibẹ̀ ni koríko ti ń kọ́kọ́ hù. Àwọn ẹ̀gbẹ́ òkè bẹ́ẹ̀ ni ó sàmì sí. Ó yan ibi tí ó jìn sí títì ní ìrìn wákàtí méjì, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọdẹ kì í fẹ́ jìnnà sí ọkọ̀ wọn. Ó kọ ibi tí ààlà ilẹ̀ ìjọba ti pàdé ilẹ̀ aládàáni, kí wọ́n má baà ṣèèṣì ré e kọjá. Ó kọ ibi tí omi wà. Ó kọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè ní ọ̀sán, tí ó sì ń yí padà ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé béárì lè má rí ọ kí ó sì ti gbọ́ òórùn rẹ. Okùn tí wọn yóò fi gbé oúnjẹ wọn kọ́ sókè igi wà nínú ètò, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tí a fi ń ké gbàjarè láti ibi tí fóònù kò ti ṣiṣẹ́. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ ọjọ́ àti wákàtí tí ó gbọ́dọ̀ pe àwọn agbófinró bí òun kò bá tíì padà.

Ohun tí ó kọ nípa ìgbà tí wọ́n bá rí béárì ni ó wú wa lórí jù. Wọn kò ní yìnbọn lójú ẹsẹ̀. Wọn yóò jókòó, wọn yóò fi awò ọ̀nà-jíjìn wò ó pẹ́, nítorí pé òfin kò gbà kí á pa abo béárì tí ọmọ ń tẹ̀ lé, àwọn ọmọ náà sì lè wà lórí igi tàbí nínú igbó tí ojú kò tíì rí wọn. Ohun kejì ni pé oríṣi béárì mìíràn wà ní apá kan Idaho, béárì ńlá tí wọ́n ń pè ní grizzly, tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti ń dáàbò bò láti 1975. Àwọ̀ kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn, nítorí pé béárì tí a ń pè ní dúdú lè jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì lè pọ́n bí ewé gbígbẹ. Iké tí ó wà ní èjìká ni à ń wò, àti bí ojú àti imú ṣe rí, àti etí. Ní ìpínlẹ̀ Montana tí ó wà nítòsí, wọn kì í tilẹ̀ ta ìwé àṣẹ béárì fún ẹni tí kò bá tíì yege nínú ìdánwò ìyàtọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ sórí ẹranko yìí fúnra rẹ̀. Suuratul-An'aam kọ́ wa láti máa wo ẹranko bí ìjọ tí ó wà lábẹ́ Ọba kan náà pẹ̀lú wa, ẹni tí ó bá sì mọ ìgbésí ayé béárì dúdú yóò rí i pé àwòyanu ni. Akọ àti abo ń pàdé ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje. Oyún náà kò ní lẹ̀ mọ́ inú ìyá rẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù kọkànlá. Bí ìyá kò bá sì sanra tó láti la òtútù já, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn rárá. Nínú ihò, ní nǹkan bí oṣù kìíní, ni ó ń bí àwọn ọmọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò wúwo tó ìdajì kílò. Ó ń fún wọn lọ́mú fún oṣù púpọ̀ láìjẹ, láìmu. Àwọn ọmọ kì í fi í sílẹ̀ títí di ọdún kejì, nítorí náà ọdún méjì-méjì ni ó ń bímọ bí nǹkan bá dára. Ẹni tí ó bá pa abo béárì kan ti mú ohun tí igbó kò lè yára fi òmíràn rọ́pò.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, lẹ́yìn gbogbo ètò wọ̀nyí, ó kọ ìlà kékeré kan: "Ẹran: kò pọn dandan." A bi í léèrè ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ó ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá pa ìgalà ní Idaho, tí ó fi ẹran tí ó ṣeé jẹ sílẹ̀ nínú igbó, ó ti ṣẹ̀ sí òfin. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ẹranko mẹ́ta sílẹ̀: béárì dúdú, kìnnìún orí òkè, àti ìkookò. Ti béárì, awọ àti agbárí nìkan ni a gbọ́dọ̀ kó lọ sí ọ́fíìsì àwọn tí ń bójú tó ẹran igbó láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Wọn yóò yọ eyín kan láti fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹran lè dùbúlẹ̀ síbi tí ó ṣubú sí. Nígbà tí òun kò sì ní jẹ ẹ́, ó ní, kí ni òun yóò máa ru ú sọ̀kalẹ̀ òkè fún?

Ibí ni a ti ká ìwé náà, tí a ní kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kò ṣòro láti kó jọ. Nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim, Ànábì kọ̀ fún wa láti jẹ ẹranko apẹranjẹ tí ó bá ní eyín gígùn tí ó fi ń fa ẹran ya. Imaamu Maliki, ẹni tí ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá ń tọ ọ̀nà rẹ̀, gba irú hadiisi yìí sínú Muwatta. Síbẹ̀, èyí tí ó gbajúmọ̀ nínú ìwé àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ni pé makruuhu ni ẹran bẹ́ẹ̀. Àwọn Hanafi àti àwọn Shaafi'i ka béárì mọ́ èèwọ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn Imaamu Ahmad gbà á wá pé wọ́n bi í léèrè nípa béárì gan-an, ó sì fi eyín yẹn ṣe òṣùwọ̀n. Béárì dúdú ní eyín náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé koríko, èso igbó àti kòkòrò ni ó ń jẹ jù. Ẹ ti rí i pé àyè àríyànjiyàn wà níbẹ̀, a kò sì fẹ́ fi ọwọ́ líle mú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò bi wá bóyá òun lè jẹ ẹ́. Ó ti pinnu láti ilé pé òun kò ní jẹ ẹ́, ó sì fi oṣù mẹ́ta ṣètò bí òun yóò ṣe lọ pa á. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀. Nínú Suuratul-Maidah, níbi tí Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda ohun tí ẹran ọdẹ tí a kọ́ bá mú fún wa, jíjẹ ni ó so ìyọ̀ǹda náà mọ́, ó sì ní kí á dárúkọ Òun sí i. Nínú àkójọ Nasaa'i, a gbọ́ nípa ẹyẹ kékeré tí ènìyàn pa láìnídìí, tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá síwájú Ọlọ́hun ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Bí ẹyẹ tí ó tó ológoṣẹ́ bá ní ẹjọ́ láti rò, kí ni ti ẹranko tí ó fi ọdún méjì tọ́ ọmọ?

Nígbà tí ó padà wá, ó ti múra ìdáhùn. Ó ní ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ń ka iye béárì, tí ó ń yan iye ọjọ́ ọdẹ, àti pé owó tí àwọn ọdẹ ń san ni wọ́n fi ń tọ́jú igbó. Òótọ́ ni. Láti 1937 ni òfin ti wà tí ó ń gba owó-orí lórí ìbọn àti ọta, tí ó sì ń pín in fún àwọn ìpínlẹ̀ láti fi tọ́jú ẹranko. Púpọ̀ nínú ìgalà tí a ń rí lẹ́bàá títì lónìí, owó ọdẹ ni ó bá wọn dá sí i. A gbà fún un. A wá bi í pé: nígbà tí o jókòó tí o ń fi bírò pupa sàmì sórí àwòrán yìí, ṣé iye béárì Idaho ni o ń rò? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá. Ìdí tí ìjọba fi ṣílẹ̀kùn kò lè dípò ìdí tí ìwọ fi wọlé.

Ó mẹ́nu kan awọ. Awọ wúlò, lóòótọ́. A bi í ibi tí yóò gbé e sí. Ó ní ara ògiri. A dákẹ́, òun náà dákẹ́.

Ìgbà náà ni ó sọ èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀. Ó ní, "Àlùfáà, ọdún kẹrin rèé tí mo ti wà níbi iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń bá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pè mí sí ohunkóhun rí. Ọkùnrin yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó sọ fún mi pé, 'Máa bọ̀, ká jọ lọ.' Mo sì fẹ́ ṣe ohun kan tí ó le, tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, ní ilẹ̀ yìí."

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, a kò fi ojú kékeré wo èyí, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú kékeré wò ó. Ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí ó ń sọ? Kí ènìyàn wà láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ kí ó sì dá wà, àrùn kan ni. Ìpè tí ó dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin wúwo. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá kọ̀ ọ́, ìkíni òkèèrè ni àwọn yóò padà sí.

Ti ìnira ni ó yẹ kí á yẹ̀ wò. Àwọn àgbà wa ní, bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ wa ní ọ̀làwọ́: pé ìyà tí ọdẹ jẹ nínú igbó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí, bí kì í bá ṣe ọ̀làwọ́, òun nìkan ni ì bá máa jẹ ẹran rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí òwe yẹn kò tilẹ̀ rò rárá. Gbogbo àríyànjiyàn inú rẹ̀ dá lórí ẹni tí yóò jẹ ẹran náà, ọdẹ nìkan ni tàbí ọdẹ àti àwọn aládùúgbò. Ọdẹ tí yóò jẹ ìyà náà tán, tí yóò wá fi ẹran sílẹ̀ fún igún, kò wọ inú ìrònú àwọn tí ó pa á lówe. Ìnira ń sọ ohun kan di iyebíye fún ẹni tí ó jẹ ẹ́, ìyẹn kò ṣeé jiyàn. Kò sọ ọ́ di ohun tí ó tọ́. Olè pẹ̀lú ń jí ní òru, òjò ń pa á.

Ìtàn kan wà ní ilẹ̀ yìí tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu, ibẹ̀ sì ni béárì ọmọdé ti wá. Ní oṣù kọkànlá 1902, Ààrẹ Theodore Roosevelt lọ dẹ béárì ní Mississippi. Holt Collier ni ọdẹ tí ó ń fi ọ̀nà hàn án, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ igbó yẹn tó o. Àwọn ajá Collier lé béárì dúdú kan dé inú omi, béárì náà sì gbá ọ̀kan nínú wọn mú. Collier fi ìdí ìbọn gbá béárì náà lórí, ó sì fi okùn so ó mọ́ igi, nítorí pé wọ́n ti sọ fún un pé Ààrẹ ni yóò yìnbọn àkọ́kọ́. Nígbà tí Roosevelt dé, tí ó rí ẹranko tí a dè mọ́lẹ̀, ó kọ̀, kò yìn ín. Ayàwòrán Clifford Berryman ya àwòrán ìkọ̀sílẹ̀ náà sínú ìwé ìròyìn Washington Post, ó sì mú kí béárì náà kéré, kí ó sì fani mọ́ra. Láti ibẹ̀ ni ọlọ́jà kan ní Brooklyn, Morris Michtom, àti ìyàwó rẹ̀ ti rán béárì aṣọ, tí wọ́n sì fi orúkọ ìnagijẹ Ààrẹ pè é. Gbogbo ilé ni ó wà lónìí.

Ìdajì ìtàn tí àwọn ọmọ wa kì í gbọ́ ni pé Roosevelt ní kí wọ́n pa béárì náà kí ìyà tí ó ń jẹ ẹ́ lè parí, wọ́n sì fi ọ̀bẹ pa á. Ọlá tí ayé fún Ààrẹ ni pé ọwọ́ rẹ̀ kò yìnbọn. Òótọ́ ni pé ó ní ìtìjú, ìtìjú sì jẹ́ ara ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tì í lójú ni bí ikú náà ṣe rọrùn tó. Bí ó bá jẹ́ pé béárì yẹn wà ní ìtúsílẹ̀ lórí òkè, tí ó sì gba ọjọ́ mẹ́fà láti bá a, ì bá ti yìn ín pẹ̀lú ayọ̀. Àwọn tí ń sọ pé ọdẹ aláìgba afinimọ̀nà lórí ilẹ̀ gbogbogbò mọ́ ju ti olówó lọ, èyí ni wọ́n ń sọ: pé a fún ẹranko ní àyè láti sá. A gbà pé ó sàn bẹ́ẹ̀. Fún ẹranko tí ó kú, a kò rò pé ìyàtọ̀ náà pọ̀.

Ẹnìkan nínú àwọn tí a jọ jókòó bínú sí wa níbí. Ó ní ta ni àwa láti máa ṣèdájọ́ ọdẹ, nígbà tí a ń ra adìyẹ tí kò rí oòrùn rí láyé rẹ̀, tí a ń bèèrè iye owó rẹ̀ nìkan, tí a sì ń da àjẹkù sínú àpò ìdọ̀tí lẹ́yìn ìkómọ? Ọ̀rọ̀ náà bà wá, ibi tí ó bà wá sí ṣì ń dùn wá. A kò ní ìdáhùn tí ó tó o. Ohun tí a lè sọ ni pé ìbéèrè tí a ń bi ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń dúró de àwa náà ní ilé ìdáná wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọdẹ ní ohun kan tí ti ọjà kò ní, òun ni pé kò sí ẹni tí ń wò ó. Suuratul-Maidah sọ fún wa nípa àwọn tí ó wà nínú ihraamu, tí Ọlọ́hun fi ẹran ìgbẹ́ dán wò: ẹran sún mọ́ wọn dé ibi tí ọwọ́ àti ọ̀kọ̀ wọn tó o, kí ó lè hàn, ẹni tí ń bẹ̀rù Rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Nínú igbó Idaho, ní ìrìn wákàtí méjì sí títì, òfin ti gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹran béárì. Afinimọ̀nà kò sí níbẹ̀, ìyàwó kò sí níbẹ̀, Lèmọ́mù kò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹni náà bá mú wá láti ilé nìkan ni yóò bá a níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ fún un pé, bí aniyah rẹ̀ kò bá tíì tọ́ lórí tábìlì níbi tí àwòrán ilẹ̀ wà, kí ó má retí pé yóò tọ́ nígbà tí ẹranko bá dúró síwájú ìbọn, tí ọkàn sì ń lù kìkì.

Ìdáhùn wa nìyí: kí ó má pa ohun tí kò ní jẹ, kí ó dá ìwé àṣẹ béárì tirẹ̀ dúró, kí ó sì lọ sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìfi nǹkan pa mọ́. Bí ọ̀rẹ́ náà bá jẹ́ ẹni tí yóò jẹ ẹran rẹ̀, tí kò sì ní fi sílẹ̀, ó lè tẹ̀ lé e lọ, kí ó bá a gbé ẹrù. Àwọn kan nínú wa kò fara mọ́ apá ìkẹyìn yìí títí di òní. Wọ́n ní ẹni tí ó bá olóko lọ sí oko ti wà lára ìkórè. A gbọ́ wọn.

Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọkùnrin náà dákẹ́ pẹ́, ó wá sọ pé bàbá òun kò fi ẹran sílẹ̀ nínú igbó rí, àti pé béárì ni wọ́n ń jẹ ní ilé àwọn nígbà òtútù. Ó ní òun rò pé òun, ọ̀dọ́mọkùnrin wa, ni kò fẹ́ kí ẹran náà kan òun rárá nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, òun kò sì fẹ́ dà á láàmú. Ẹ wo bí ó ti rí: "kò pọn dandan" tí a bá ní ìsàlẹ̀ ìwé, ẹni méjì tí ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn ni ó kọ ọ́.

Wọ́n tún ètò ṣe, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí fíríìsà tí ọkùnrin náà ní nílé, wọ́n ka iye ìgbà tí ẹni méjì yóò rìn láti kó ẹran béárì kan sọ̀kalẹ̀ dé ibi ọkọ̀, wọ́n sì rí i pé méjì nínú àmì pupa náà jìn jù. Irun àti ọ̀rá béárì ń mú ooru dání, ẹran rẹ̀ sì ń yára bàjẹ́ bí a kò bá tètè bó o. Wọ́n pa àmì méjèèjì rẹ́. Wọ́n ra àpò aṣọ fún ẹran, wọ́n sì to yìnyín sínú ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ náà mọ̀ pẹ̀lú pé ẹran béárì gbọ́dọ̀ jinná dénú, dé ìwọ̀n 165 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, nítorí kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Trichinella tí òtútù fíríìsà kì í fi dandan pa. Ní 2022, àwọn ẹbí kan tí ó péjọ ní South Dakota jẹ ẹran béárì tí kò jinná tó, ẹran tí ó ti wà nínú fíríìsà fún ọjọ́ 45. Ẹni mẹ́fà ni ó kó àrùn náà, méjì nínú wọn kò tilẹ̀ jẹ ẹran, ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n jẹ.

Wọ́n lọ ní oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ kẹrin, ní ìrọ̀lẹ́, béárì ńlá kan jáde sórí koríko ní ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó kọjú sí wọn, ó dá wà, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn wọ́n, kò jìnnà. Ọ̀rẹ́ náà dùbúlẹ̀, ó gbé ìbọn lé orí àpò. Wọ́n jọ ń wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ogún kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ní òun ń gbàdúrà, òun kò sì mọ ohun tí òun ń tọrọ gan-an. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, nǹkan dúdú méjì rọra ń sọ̀kalẹ̀ láti ara igi kan lẹ́yìn béárì náà, wọ́n sì sáré lọ bá a. Ọ̀rẹ́ náà yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ó fi í sínú àpò rẹ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn kò sì rí òmíràn títí wọ́n fi padà sílé.

Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, bàbá àgbà wa bi í léèrè bóyá wọ́n tilẹ̀ rí béárì náà. Ó ní, "A rí i, bàbá. Mẹ́ta ni wọ́n."

Wọ́n fẹ́ lọ dẹ ìgalà ní oṣù kẹwàá. Ó ti mú àwòrán ilẹ̀ mìíràn wá, ó sì ti bèèrè ìgbà tí ó yẹ kí òun wí Bismillaahi, bóyá kí òun tó fa ìbọn ni tàbí nígbà tí òun bá ń fà á. Ìlà ìsàlẹ̀ ìwé náà ni a kọ́kọ́ wò. Orúkọ ilé mẹ́rin nínú ìjọ yìí ni ó kọ síbẹ̀, àti ìwọ̀n ẹran tí yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.